Fíìmù Olówó Pọ́ọ́kú: Bó Ṣe Gòkè, Bó Ṣe Wálẹ̀

   

Ọ̀rọ̀ fíìmù la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ti fíìmù ńláńlá tí wọ́n ń ná owó gọbọi lé lórí, ti fíìmù olówó pọ́ọ́kú ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí àgbéléwò. Níbo ló ti wá? Kí ló gbé e dìde tó fi gba gbogbo pálọ̀ ilẹ̀ Yorùbá? Kí ló sì dé tí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń háyà kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ládùúgbò fi di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù?

Èrò tèmi nìyí, kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀wò. Kì í ṣe owó kékeré ló ba fíìmù wọ̀nyí jẹ́. Owó kékeré náà ló jẹ́ kí wọ́n wà rárá. Ohun tó dá wọn dúró ni pé owó tí wọ́n ń pa kì í padà sọ́wọ́ ẹni tó ṣe wọ́n. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dání, nítorí a ó máa padà sí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí fíìmù ṣì jẹ́ nǹkan olówó ńlá. Ní ọdún 1976, Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògùn. Ní 1979, òun náà ló darí Ìjà Òmìnira fún Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Lọ́ọ̀fù, àti Ayé fún Olóyè Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Jáyésinmi tẹ̀lé e ní 1980. Àwọn tó ti ń wo fíìmù Íńdíà àti ti Ṣáínà láìgbọ́ èdè wọn wá rí ara wọn lójú aṣọ funfun, wọ́n ń gbọ́ ọfọ̀, wọ́n ń gbọ́ òwe, wọ́n ń gbọ́ ìlù tí wọ́n mọ̀. Ìdùnnú ńlá ni.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀? Wọ́n ń yà á sára fíìmù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀, bí a ti ń fọ fọ́tò láyé àtijọ́. Òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ fọ̀, pàápàá Lọ́ńdọ̀nù, owó pọ́n-ùn ni wọ́n sì ń fi sanwó rẹ̀. Bí ó bá padà dé, àwọn òṣèré á di í sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé e sójú aṣọ àti jẹnẹrétọ̀, wọ́n á máa lọ láti ìlú dé ìlú. Ẹni tó ni fíìmù, tàbí ìyàwó rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, á jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, á sì gba owó lọ́wọ́ olúkúlùkù kó tó wọlé. Ẹ ṣàkíyèsí owó ẹnu ọ̀nà yẹn. Ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ń bọ́ sí, láìsí ẹni kankan láàárín.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ohun méjì. Èkínní, lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986, náírà wálẹ̀ burúkú níwájú pọ́n-ùn. Iye tó tó fọ odindi fíìmù tẹ́lẹ̀, kò fọ ìdajì mọ́. Èkejì ni olè. Ní 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá tí gbogbo wa fẹ́ràn, gbé Ọ̀run Móoru jáde. Owó ńlá ló ná lé e lórí, gbèsè sì wà nínú rẹ̀. Kó tó jèrè iṣẹ́ rẹ̀, àwọn olè ti dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ti ń tà á kiri. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀ wọn kò mọ̀ pé gbèsè ọkùnrin náà ni wọ́n ń wò. Bàbá Sàlá, tó ti pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín, wọ gbèsè nítorí iṣẹ́ tó dára. Mo gbà pé ìtàn yẹn nìkan tó láti kọ́ ẹnikẹ́ni bí iṣẹ́ fíìmù ṣe rí nílẹ̀ wa.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Nígbà tí fíìmù tí wọ́n ń fọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ṣeé ṣe mọ́, àwọn eléré ìtàgé wa gbé kámẹ́rà fídíò, irú èyí tí wọ́n fi ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Láti òpin àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kò nílò fífọ̀. Bí o bá yà á tán lónìí, wàá wò ó lónìí. Onísòwò kan, Kenneth Nnebue, ló fowó sí Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ní 1989 pẹ̀lú àwọn òṣèré Yorùbá. Nnebue yìí kan náà ló wá ṣe Living in Bondage lédè Ìgbò ní 1992, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ èyí: ojú ọ̀nà tí Nollywood gbà wọlé, àwọn alárìnjó Yorùbá ti tẹ̀ ẹ́ kalẹ̀.

Ṣé gbogbo fíìmù fídíò ló wá di jákujàku? Rárá o. Ẹ wo ọmọ ilé wa, Túndé Kèlání. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1948, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta níbí ló dàgbà sí, Abeokuta Grammar School ló lọ. Ó kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ fún àwọn eléré ìtàgé nígbà tí fíìmù ṣì jẹ́ fíìmù fífọ̀. Nígbà tí fídíò dé, kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ní 1993, ó darí Ti Olúwa Nilẹ̀, ìtàn àwọn tó ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn láti tà. Ẹ̀gbá mọ irú ẹjọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò nílò àlàyé! Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ó Le Kú ní 1997 àti Ṣaworoidẹ ní 1999, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Gbogbo rẹ̀, fídíò ni. Owó tí wọ́n ná lé e lórí kò tó owó oúnjẹ níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ńlá nílùú òyìnbó. Títí di òní, bí ẹ bá gbé Ṣaworoidẹ sí i nílé, tọmọdé tàgbà á jókòó.

Kí ló mú kó rí bẹ́ẹ̀? Ìtàn. Ẹni tó mọ Yorùbá ló kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Owó kékeré kì í dí òǹkọ̀wé lọ́wọ́ láti ronú.

Nígbà yẹn, báwo ni fíìmù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa? Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú yín á rántí ṣọ́ọ̀bù oníháyà. Pósítà ló kún ara ògiri, ojú àjẹ́ pupa, ojú ọba, ojú obìnrin tó ń sunkún. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á ṣí ìwé ńlá kan, á kọ orúkọ rẹ, orúkọ fíìmù àti ọjọ́ tí wàá dá a padà. Bí o bá dá a padà láì yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wàá sanwó ìtanràn. Nílé, bí àwòrán bá ń ṣe yẹ́ríyẹ́rí, ẹnì kan á tú ìdérí ẹ̀rọ, á ki aṣọ funfun bọ inú sìpíríìtì, á rọra nu orí rẹ̀. Gbogbo agbo ilé á dúró, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì, igbe á ta, nítorí kásẹ́ẹ̀tì ti há sínú ẹ̀rọ, ọ̀la sì ni ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà.

Nínú pálọ̀ yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò bójú tó. Ní 1993, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti sọ ẹni tí fíìmù wà fún. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà 18 lára páálí fíìmù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọ́dọ̀ wò ó. Ó lè jẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ nítorí ìbálòpọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn òfin yẹn ni Glamour Girls jáde, ìtàn àwọn obìnrin tó ń fi ara ṣòwò ní Èkó. Ariwo pọ̀, àwọn olóòtú sì rí i pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń tà. Láti ìgbà náà, fíìmù tó ń fi ìhòòhò tàbí ìṣekúṣe fa ojú èèyàn kò tán lọ́jà wa. Àmọ́ ta ló ń wo nọ́ńbà lára páálí? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àwa àgbà jókòó, àwọn ọmọ jókòó tì wá, àwa náà sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bojú fún ìgbà díẹ̀. Bíbojú kọ́ ni òfin sọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sílẹ̀ òkèèrè díẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ò jìn sí ọ̀rọ̀ wa. Ní gúúsù Íńdíà, létí òkun, ìpínlẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Kerala. Malayalam ni èdè wọn, wọ́n sì lórúkọ nínú iṣẹ́ fíìmù. Ní nǹkan bí ọdún 2000, fíìmù àwọn gbajúmọ̀ wọn kò pa owó bíi ti tẹ́lẹ̀, àga sì ń ṣófo ní ilé sinimá. Ìgbà yẹn ni fíìmù àgbàlagbà olówó pọ́ọ́kú gba òde. Ọ̀kan tí wọ́n pè ní Kinnara Thumbikal jáde lọ́dún 2000, obìnrin òṣèré kan, Shakeela, sì di ẹni tí gbogbo onísinimá ń wá. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀, èrè rẹ̀ sì pọ̀ jọjọ. Wọ́n tún ń túmọ̀ wọn sí èdè mìíràn ní Íńdíà.

Ṣé mo ń yin irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni? Rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìtàn tó dúró, ara obìnrin ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ. Àwọn onísinimá kan a máa ki àwòrán ìhòòhò mìíràn, tí òṣèré náà kò bá wọn ṣe rárá, bọ inú fíìmù nígbà tí wọ́n bá ń fi í hàn. Àwọn tó wà lójú ìran á rò pé òun ni. Ilé sinimá kún, olóòtú kówó, òṣìṣẹ́ sinimá rí owó oṣù gbà, obìnrin náà ló ru ìtìjú gbogbo wọn. Láàárín ọdún mélòó kan, òwò náà wálẹ̀. CD àti íntánẹ́ẹ̀tì ti gbé ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ inú yàrá àwọn èèyàn, fíìmù àwọn gbajúmọ̀ sì tún gbérí.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá gidigidi. Fíìmù wa yàtọ̀ sí tiwọn, ìwà wa sí òṣèré kò yàtọ̀. Ẹ wo ọkùnrin tó bá ṣe ọ̀gá adigunjalè nínú àgbéléwò. Bó bá dé Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí, àwọn ọmọ garáàjì á máa fi orúkọ fíìmù kí i, wọ́n á ra ọtí fún un. Obìnrin tó bá ṣe aṣẹ́wó ńkọ́? Wọ́n á na ìka sí i lọ́jà, wọ́n á béèrè pé ilé ọkọ wo ló lè gbé. Àwa tí a háyà fíìmù náà, tí a wò ó dópin, tí a tún lọ háyà apá kejì, àwa náà là ń na ìka. Kò dára. Iṣẹ́ lobìnrin náà ṣe, òǹkọ̀tàn ló fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ọkùnrin ló sì sábà máa ń kó owó rẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí owó. Mo ní kí ẹ ṣàkíyèsí owó ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí fídíò dé, ẹnu ọ̀nà parẹ́. Máàkẹ́tà ní Ìdúmọ̀tà l'Ékòó ló gba ibẹ̀. Máàkẹ́tà lówó, ó mọ ọjà, òun ló ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ó lè fún òṣèré lówó ṣíṣe fíìmù, ìyẹn sì ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀sùn kan gbogbo wọn. Àmọ́ kí ni òṣèré fi ń mọ iye kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀? Kò sí. Iye tí wọ́n bá sọ fún un ni yóò gbà. Nígbà tó rí i pé owó kan ṣoṣo ni òun máa rí lórí fíìmù kan, kí ló ṣe? Ó ń ṣe fíìmù púpọ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń yà á, nínú ilé ẹnì kan, pẹ̀lú aṣọ tí òṣèré gbé wá láti ilé ara rẹ̀. Wọ́n á fa ìtàn kan gùn, wọ́n á gé e sí méjì, kí a lè ra apá kìíní, kí a sì ra apá kejì. Inú bí àwa tó ń rà á, a sì jàre. Ebi owó ló ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni CD gba ipò kásẹ́ẹ̀tì. Ó mọ́ ju kásẹ́ẹ̀tì lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré lè da ọ̀kan kọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Fíìmù tó jáde lówùúrọ̀, ayédèrú rẹ̀ lè wà lórí ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n wá ń kó fíìmù mẹ́wàá, ogún, sínú àwo kan ṣoṣo, wọ́n ń tà á ní iye owó fíìmù kan. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọbẹ̀. Nígbà mìíràn, láti ọwọ́ àwọn tó wà nínú òwò náà ni olè ti ń rí ojúlówó mú. Àwa tó ń ra ogún fíìmù nínú àwo kan, a mọ̀ pé kò lè jẹ́ òótọ́. A rà á bẹ́ẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì tẹ̀lé e. Africa Magic bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ìkànnì Yorùbá rẹ̀ sì dé ní 2010. Bí fíìmù Yorùbá bá ń ṣeré tọ̀sán-tòru, ta ló tún fẹ́ ra àwo? Nígbà tí fóònù ńlá wá kárí, ọjà àwo kú pátápátá. Àwọn máàkẹ́tà kan lọ sídìí òwò mìíràn, àwọn òṣèré mìíràn jókòó sílé.

Ṣé fíìmù olówó pọ́ọ́kú wá kú pẹ̀lú àwo? Kò kú o. Orí YouTube ló kó lọ. Àwọn òṣèré wa ti ní ìkànnì tiwọn báyìí. Wọ́n ń ya fíìmù láàárín ọjọ́ mélòó kan gẹ́gẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá, nínú ilé kan, pẹ̀lú òṣèré díẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni owó. Ẹni tó ni ìkànnì ń fi ojú ara rẹ̀ rí iye èèyàn tó wò ó, owó ìpolówó ọjà sì ń wọ àpò rẹ̀ tààrà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ẹnu ọ̀nà Ògúndé ti padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ òkèèrè ló ni ilẹ̀kùn, òun náà sì ń yọ tirẹ̀ kó tó fúnni. Mo fara mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí n kò fara mọ́ ni ìkánjú tó bá a rìn. Ìtàn ìyálé àti ìyàwó kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin òṣèré tí ẹ ń gbọ́ wa, owó ti ń wọlé díẹ̀; ẹ fi nínú rẹ̀ san òǹkọ̀tàn.

Iṣẹ́ ńlá náà ṣì wà. Ní 2021 ni Àyìnlá jáde, fíìmù tí Túndé Kèlání padà wálé wá yà ní Abẹ́òkúta, ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà, ọba alápàlà ọmọ Ìtòkò, tí wọ́n pa nínú ìjà ilé ọtí ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980. Lateef Adédiméjì ló ṣe Àyìnlá. Ní 2024, òun kan náà ló ṣe Líṣàbí, akọni ilẹ̀ Ẹ̀gbá, nínú fíìmù tó jáde lórí Netflix. Níbo ni Adédiméjì ti di gbajúmọ̀? Nínú àgbéléwò, nínú àwọn fíìmù olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ ń yínmú sí. Bí kò bá sí wọn, ta ni ì bá ṣe Líṣàbí?

Ìdí nìyí tí mo fi ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ kí àkókò wa tó tán. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Púpọ̀ nínú fíìmù fídíò àtijọ́ kò sí lórí YouTube, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ṣe wọ́n mọ́. Ilé èèyàn bíi tiyín ni wọ́n wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú páálí tí eku ń jẹ. Fíìmù Hausa kan, Shaihu Umar, tó jáde ní 1976, pẹ́ tí a kò fi rí i. Ìgbà tó di 2016 ni wọ́n rí i nínú ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jos, wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, ayé sì tún wò ó. Tiwa náà lè rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì fíìmù Yorùbá nílé, ẹ má dà á sí ààtàn. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ àti níbi tí oòrùn ń ta sí, ẹ tò ó ní ìdúró, ẹ má tò ó ní ìdùbúlẹ̀. Bí ẹ bá rí funfun bí olú lára téèpù rẹ̀, ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ, yóò ba ẹ̀rọ jẹ́, yóò sì já. Àwọn onífídíò ìnáwó kan láàárín ìlú ṣì ní ẹ̀rọ tó lè gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ orúkọ fíìmù àti orúkọ ẹni tó ṣe é sára páálí, kí ẹni tí yóò wá a bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la lè mọ ọ̀nà tí yóò gbà.